Ohun tí ń mú kí iná jórinjórin jó geere

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, púpọ̀ nínú yín ló mọ àwọn jórinjórin tí ń fi ẹlẹ́kítíróòdù ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì. Oríṣi mìíràn wà tí a ń pè ní MIG. Ọdún 1948 ni wọ́n gbé e jáde ní ilé ìwádìí Battelle ní Amẹ́ríkà. Nínú èyí, ẹ̀rọ ni ó ń ti wáyà tín-ín-rín jáde láti ẹnu ìbọn láìdúró. Ìbú wáyà náà sábà máa ń wà láàárín mílímítà 0.8 sí 1.2. Iná ń yọ́ ọ mọ́ irin, gáàsì sì ń bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́.

Kí ni ó ń mú kí iná yìí jó geere, kí sì ni ó ń mú un ṣe ségesège? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ojú ibi tí a jó lè dán, kí inú rẹ̀ má sì lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ pé irin tí a gbé táńkì omi lé ni, ẹ̀mí ẹni tó ń pọn omi lábẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu.

Ẹ̀rọ yìí ní ọgbọ́n kan tó yà mí lẹ́nu: ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Wáyà ń jáde ní ìwọ̀n eré kan náà, ẹ̀rọ sì ń mú kí fólítéèjì dúró sójú kan. Bí ìbọn bá sún mọ́ irin jù, àlàfo tí iná ń gbà kọjá yóò kúrú. Kọ́rẹ́ǹtì yóò pọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, wáyà yóò máa yọ́ ju bó ṣe ń jáde lọ, àlàfo yóò sì padà sí bó ṣe wà. Bí ìbọn bá jìnnà, ìdàkejì rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè tún àṣìyí ọwọ́ wa ṣe. Bí eré wáyà bá pọ̀ ju fólítéèjì lọ, wáyà yóò máa gún irin, ìbọn yóò sì máa ta ọwọ́ padà. Bí fólítéèjì bá pọ̀ jù, iná yóò gùn, yóò jó wáyà padà dé ẹnu ìbọn, yóò sì dí i. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ a máa yí ọ̀kan, wọn a gbàgbé èkejì.

Bàbà oníhò kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn náà ń ṣe tirẹ̀. Bí ihò rẹ̀ bá ti jẹ, iná kò ní wọ inú wáyà déédéé mọ́. Wáyà tó dípẹtà àti okùn ìbọn tó ká kò dára. Ibi tí a gbé àásì há gbọ́dọ̀ jẹ́ irin gidi, kì í ṣe orí ọ̀dà.

Ní ti gáàsì, carbon dioxide kò wọ́n, ó sì ń jẹ́ kí iná wọ inú irin dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ta pàrà kiri. Bí a bá pò ó mọ́ argon, iná a rọlẹ̀. Atẹ́gùn ni ọ̀tá gáàsì, nítorí náà abẹ́ igi kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí gáàsì sílẹ̀ gbuuru, torí gáàsì tó ń sáré jù a máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Lítà 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan sábà máa ń tó.

Ẹ tún fetí sílẹ̀. Lórí irin fẹ́lẹ́, wáyà ń kan irin ní ìgbà 20 sí 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, ó ń dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Bí ó bá ń dún pó, pó, ẹ dúró, kí ẹ tún un yí. Lẹ́yìn náà, ẹ jó àjákù irin méjì pọ̀, kí ẹ fi òòlù lù ú títí yóò fi tẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ojú ibi tí ẹ jó yóò là.