Ẹ Ṣọ́ Àwìn, Ẹ Ṣọ́ Owó Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin tí ẹ ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì àwọn ilé-iṣẹ́ ní Sáńgó Ọ̀tà, mo mọ̀ pé àwìn ló ń dà yín láàmú jù. Òṣìṣẹ́ á jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀, á ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ di ìparí oṣù. Bí wọ́n bá wá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má tà láwìn kọjá ohun tí èrè ọjọ́ kan lè gbé. Ẹ ní ìwé kan, kí onígbèsè fúnra rẹ̀ máa fọwọ́ sí i. Bó bá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ẹ dúró kí álẹ́ẹ̀tì wọlé sí fóònù tiyín. Àwòrán tó fi hàn yín kì í ṣe owó.

Ẹ yọ owó ìrẹsì ọ̀la sọ́tọ̀ kí ẹ tó náwó ilé. Alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ máa dá àjọ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di sóbò sínú ike, ẹ forúkọ okòwò yín sílẹ̀ ní CAC, kí ẹ sì gba nọ́ńbà NAFDAC. Láìsí nọ́ńbà náà, ilé-ìtajà ńlá kò ní gba sóbò lọ́wọ́ yín.