Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ọkàn, Ikùn Ńlá, àti Ọjọ́ tí Ó Kù Lẹ́yìn Sítẹ́ǹtì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó àti oko obì ni a fi mọ Agege àti agbègbè rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ fi ń rìn lọ sí oko. Lónìí, ilé-iṣẹ́, báǹkì àti ṣọ́ọ̀bù ni ó kún Ikeja. Ní òpópónà Allen, ẹni púpọ̀ ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, nínú ọkọ̀ àti ní ìdí tábìlì. Iṣẹ́ ti yípadà, ṣùgbọ́n ara tí Ẹlẹ́dàá dá fún ìrìn kò yípadà.

Ní ọdún 1988, Gerald Reaven, oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn àìsàn kan a máa rìn pọ̀ bí ẹgbẹ́. Àmì márùn-ún ni àwọn onímọ̀ ń wò: ikùn tí ó yọ; ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó dé 130 lórí 85; ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó dé 100 kí a tó fi ohunkóhun kan ẹnu ní òwúrọ̀; ọ̀rá búburú tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀; àti ọ̀rá rere tí kò tó. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú wọn ti wọ ẹgbẹ́ náà. Téèpù aránṣọ tó láti wọn ikùn: fún ọkùnrin, ínṣì 37 ni ààlà, fún obìnrin, ínṣì 31 ààbọ̀.

Àwọn wọ̀nyí ni ó ń ba iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn jẹ́. Ọ̀rá a lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Bí ó bá là, ẹ̀jẹ̀ a dì síbẹ̀, ọ̀nà a dí, ẹran ọkàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí ni ìkọlù ọkàn. Oníṣègùn a ti ọ̀pá rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ọwọ́ tàbí ti itan, a fẹ́ àpò kékeré kan ní ibi tí ó dí, a sì fi àwọ̀n irin kékeré tí à ń pè ní sítẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀, kí ọ̀nà má baà tún padé. Andreas Grüntzig ni ó kọ́kọ́ fi àpò fẹ́ iṣan ọkàn bẹ́ẹ̀ ní Zurich ní ọdún 1977. Ní ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ fi sítẹ́ǹtì sí iṣan ọkàn ènìyàn. À ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó pàápàá.

Ká ní oníṣòwò kan ní Allen rí irú ìtọ́jú yìí gbà. Ìrora lọ, ó padà sí ìdí ọjà. Ní oṣù kẹta ó wí pé ara òun ti dá, ó sì fi oògùn sílẹ̀ nítorí owó. Ẹni náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bí a bá wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bàjẹ́ kúrò ní oríta, ọkọ̀ yóò rìn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá dẹ́kun dída iyanrìn sí ojú ọ̀nà, yóò tún dí ní ibòmíràn. Ibi kan ṣoṣo ni sítẹ́ǹtì ń là. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ àìsàn yìí, pàápàá àtọ̀gbẹ, ni ìkọlù kejì àti ikú máa ń bá jù ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Kí wá ni ṣíṣe? Oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí aspirin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni a sábà máa ń lò pọ̀ fún nǹkan bí oṣù 12. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró, tàbí kí ó fi àgbo rọ́pò rẹ̀, láìbi oníṣègùn. Kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Kí a fi sìgá sílẹ̀ pátápátá. Kí a dín iyọ̀, ọtí àti ohun mímu aládùn kù, kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀. Kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, bí oníṣègùn bá ti gbà á láyè. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, kí ó gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀: oúnjẹ ni, iṣẹ́ ara sì ni.

Bí àyà bá ń fún ènìyàn pinpin, tí ìrora rẹ̀ dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, kí a má ṣe pè é ní inú kíkún lásán. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, nítorí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ṣòfò, ẹran ọkàn ni ó ń bá a lọ.

Ìbéèrè: (1) Àmì márùn-ún wo ni a kà sókè yìí? (2) Kí ni sítẹ́ǹtì lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe? (3) Mélòó ni ikùn olúkúlùkù nínú ilé rẹ?