Àpótí Ìmọ̀: Mùsíọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Ti Ń Fọwọ́ Wo Iṣẹ́ Ọnà

Ní ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù, èèwọ̀ ni kí àlejò fọwọ́ kan ère. Ṣùgbọ́n ní Museo Omero, nílùú Ancona lórílẹ̀-èdè Ítálì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Aldo Grassini àti ìyàwó rẹ̀, Daniela Bottegoni, tí àwọn méjèèjì kò ríran, ló pilẹ̀ èrò náà. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀; ní 1999, ilé aṣòfin Ítálì sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù ìjọba. Àwọn ẹ̀dà ère olókìkí wà níbẹ̀, bíi Pietà tí Michelangelo gbẹ́, pẹ̀lú àwòṣe ilé àtijọ́ bíi Parthenon. Ẹni tó ríran náà lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun tí mùsíọ́ọ̀mù lè ṣe

• Ẹni tí kò ríran: ẹ̀dà tó ṣeé fọwọ́ kàn, àlàyé ní Bíréèlì, àti afinimọ̀nà tó mọ bí a ṣe ń fẹnu júwe àwòrán.
• Adití: ògbufọ̀ èdè adití, àti ọ̀rọ̀ kíkọ lábẹ́ fídíò.
• Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ: ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbi àtẹ̀gùn, àti àlàyé tí a kò gbé kọ́ sókè jù.
• Ẹni tí ariwo máa ń dà láàmú: wákàtí tí èrò kì í pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ètò yìí, kó pe àwọn tó ní ìpèníjà ara sí ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló mọ ohun tó ń dí wọn lọ́nà jù.