Ìgbátí fún Ògiri Gbọ̀ngàn Wa

Ibi kíkà: Deuteronomi 22:8

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, nínú ẹsẹ yìí, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò bá ẹni tó ṣubú wí. Ọrùn onílé ni ó so ó mọ́.

Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọmọkùnrin kan ń sáré ìje nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, ó sì fi orí sọ etí òpó kọnkéré. Ní ọsibítù, wọ́n rán ojú egbò náà, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ni a bá wí pé eré wọn ti pọ̀ jù. A kò bá ara wa wí, àwa tí a ní kí wọ́n sáré níbi tí òpó wà ní ìhòòhò.

Inú gbọ̀ngàn ìjọ ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré lónìí. Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fi àyè sílẹ̀. Òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, ni pé kí mítà 2 ṣófo yí pápá ká. Ẹ má fa ìlà eré dé ìdí ògiri.

2. Níbi tí àyè kò bá tó, ẹ fi tìmùtìmù bo ògiri àti òpó. Ó ń dá ara tó ń bọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pín agbára ìkọlù náà, kí ó má baà pé jọ sójú kan.

3. Fóòmù líle ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì àtijọ́. Ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá ń gbúròó ògiri lábẹ́ rẹ̀, kò tó. Kí ó ga ju orí ọmọ lọ, kí ìṣó kankan má sì yọ síta.

4. Fóòmù máa ń tètè gbiná, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Ẹ béèrè irú èyí tí kì í tètè gbiná. Ẹ má fi dí ẹnu ọ̀nà, kí àbẹ́là sì jìnnà sí i.

Bí ọmọ bá fi orí gbá nǹkan, tí ó ń bì, tí ó ń tòògbé ju bó ti yẹ lọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má jókòó ti òrí àti àdí nílé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Òpó tàbí igun wo ni ó léwu jù nínú gbọ̀ngàn wa?
(b) Bí owó tó wà lọ́wọ́ kò bá tó ra àga tuntun àti tìmùtìmù pọ̀, èwo ni kí ó ṣáájú?

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kankan wà lórí ilé wa nítorí àìbìkítà wa. Àmín.