Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, Ẹnjiníà Wa

Ìgbàjà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọkọ rẹ ńkọ́? Ikọ́ tó ń ṣe àbíkẹ́yìn rẹ, ṣé ó ti lọ? Ìyá àgbà ní kí n kí ọ. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. A dúpẹ́.

Ẹnu ará ọjà ni mo ti gbọ́ pé o fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀rọ àgbẹ̀ ní Ìdófìán sílẹ̀ lọ ṣe mánéjà ní Ọ̀tà. Ìdófìán sí ọ̀dọ̀ mi kò kúkú tó nǹkan. O ò lè yà kí o sọ fún mi? Èmi tí mo fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé ìwé! Ó dùn mí.

Ìyá rẹ ní kí n bá ọ wí, pé ta ní ń fi iṣẹ́ ìjọba tó ní owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀. Mi ò ní bá ọ wí lórí ìyẹn. Lọ.

O mọ ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kí n tó padà sílé. Nígbà tí mánéjà wa fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi àga rẹ̀ lọ̀. Mo ní irin ni mo mọ̀, n kò lè jókòó ti ìwé owó. Ẹni tí wọ́n wá gbé síbẹ̀ kò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rí. Bíárìn ń han gooro, mo kọ̀wé sí i pé kí a dá iṣẹ́ dúró. Ó ní oníbàárà ń retí ọjà. Ọ̀pá ẹ̀rọ ṣẹ́ sí méjì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ lé. Ó ń dùn mí dòní pé mo kọ àga yẹn.

Ìwádìí nìkan kò sì tó. Láti 1956 ni ilé ìwádìí ìjọba ti Oṣòdì ti wà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ gaàrí níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀ ọ̀bẹ ni ìyá rẹ ṣì fi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ìwọ lo fi hàn mí pé ẹ̀gẹ́ kan tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn wọ́, abẹ ẹ̀rọ tó bó èyí dáadáa á jẹ ìyẹn wọnú. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́ yanjú, ta ni yóò fọwọ́ sí owó tí wọn ó fi rà á? Mánéjà ni. Òun náà ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a wa lónìí, bó bá di ọ̀túnla ó ti ń bàjẹ́, kó wá ọkọ̀ àti dísẹ̀lì sílẹ̀ kó tó ránṣẹ́ sóko.

Àmọ́ wọ́n ní ike ni wọ́n ń ṣe ní Ọ̀tà yẹn. Ṣé ike ni a rán ọ lọ kọ́? Ilé-iṣẹ́ oníyẹ̀fun tó kọ̀wé pè ọ́ síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ni mo fẹ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Má bá mi jiyàn.

Kí o tó kúrò, ya àwòrán ẹ̀rọ yẹn tán fún ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Wá ní Sátidé. Mú lẹ́tà ilé-iṣẹ́ méjèèjì dání; n ó bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ níṣojú rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.