Omi Ìtútù Tàbí Òróró Ìṣanrin? Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Léètì nínú Ìkọ́ni Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan. Òwe yìí bá iṣẹ́ gígé irin mu régí, nítorí pé irin líle ni a fi ń gé irin tí kò le tó o. Ohun tí òwe náà kò mẹ́nu bà ni pé bí irin kan ti ń gé èkejì, ooru ń jáde, èérún irin sì ń já bọ́. Bí kò bá sí ohun tí ń kó méjèèjì kúrò, àti irin tí ń gé àti irin tí à ń gé ni yóò jọ bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń da omi tàbí òróró sí ojú iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí a bá ní kí ó fi Yorùbá pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coolant yóò tètè dáhùn pé omi ìtútù ni. Ìdáhùn náà dùn létí, kò sì lòdì sí gírámà. Ṣùgbọ́n ṣé ó bá iṣẹ́ náà mu? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó yẹ̀ wò fínnífínní níhìn-ín, ìyẹn fífẹ ilé ọta lójú nínú ọ̀pá ìbọn lórí ẹ̀rọ léètì, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣèbọn tí ó gba ìwé àṣẹ ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Òfin ka ṣíṣe ìbọn láìgba àṣẹ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ èdè ni a ń wá lọ síbẹ̀, nítorí pé inú iṣẹ́ yìí gan-an ni ìtumọ̀ ojú oréfèé ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù.

1. Ìtàn Ooru àti Omi Lójú Irin

Ìtàn méjì ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Èkíní jẹ́ ti Benjamin Thompson, ẹni tí a mọ̀ sí Count Rumford. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Munich ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ti ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń lu ihò sínú ìbọn àgbá. Ó ṣe àkíyèsí pé àgbá náà ń gbóná gan-an bí wọ́n ti ń lu ihò sí i. Ó wá fi irin tí ẹnu rẹ̀ kú lu ihò nígbà tí àgbá náà wà nínú àpótí tí omi kún, tí ẹṣin sì ń yí i. Lẹ́yìn wákàtí 2 àti ààbọ̀, omi náà hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Àbájáde rẹ̀, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1798, fi hàn pé fífi ara gbo ara ni ó ń bí ooru náà.

Ìtàn kejì jẹ́ ti Frederick Taylor, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin Midvale ní Philadelphia. Ní ọdún 1883, ó rí i pé bí a bá da omi púpọ̀ sí ibi tí irin ti ń gé irin gan-an, a lè mú kí iṣẹ́ yára sí i ní ìwọ̀n ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n po èròjà mọ́ omi náà kí irin má bàa dípẹtà, wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí yóò gbà ṣàn padà sínú àgbá fún àtúnlò. Nínú ìtàn méjèèjì, ooru ni ọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, omi ìtútù kò ní àléébù kankan.

2. Bí Iṣẹ́ Ilé Ọta Ṣe Rí

Ẹ̀rọ léètì ni ẹ̀rọ tí ń di irin mú, tí ó sì ń yí i, nígbà tí ohun tí ń gé e kò yí ní tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ ilé ọta, ọ̀pá ìbọn ni ó ń yí. Irin ìfẹhò ni wọ́n ń rọra tì wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Irin ìfẹhò yìí ní ojú tí ó mú ní òró, kòtò gbọọrọ sì wà láàárín ojú kan àti èkejì. Inú àwọn kòtò wọ̀nyí ni èérún irin ń bọ́ sí. Ní orí rẹ̀, irin róbótó kan tí ara rẹ̀ ń dán ṣíwájú, òun sì ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú ihò ọ̀pá kí ó má bàa yà.

Iṣẹ́ yìí kì í yára. Ẹ̀rọ kò sáré, ohun tí wọ́n sì ń gé kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Nítorí náà, ooru kì í ṣe ìṣòro ńlá níbẹ̀. Èérún gan-an ni ìṣòro. Ihò náà jìn, ó há, kò sì sí ibi tí èérún lè gbà jáde fúnra rẹ̀. Bí kòtò bá kún, èérún yóò há sáàárín ojú irin ìfẹhò àti ara ilé ọta, yóò sì máa ha ara ilé ọta bí ọ̀pá ti ń yí. Àpá náà lè yí ilé ọta po bí òrùka. Nígbà tí wọ́n bá yin ìbọn náà, agbára iná yóò fẹ pààpàá ọta mọ́ ara ilé rẹ̀. Bí ara ilé náà bá ní àpá, pààpàá lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí yíyọ rẹ̀ sì di wàhálà.

Ọ̀nà àtijọ́ láti yẹra fún èyí ni kí oníṣẹ́ ti irin ìfẹhò wọlé díẹ̀, kí ó dúró, kí ó fà á jáde, kí ó nu èérún kúrò, kí ó tún fi òróró sí i, kí ó tó dá a padà. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí ilé ọta yóò fi jìn tó.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀rọ afamisókè máa ti òróró gba ẹnu ìbọn wọlé. Irin ìsopọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ kí ọ̀pá máa yí láìjẹ́ pé rọ́bà òróró lọ́ mọ́ ọn. Òróró náà yóò gba inú ọ̀pá kọjá, yóò gba àwọn ilà kòtò inú rẹ̀ yí irin atọ́nà po, yóò wọ inú kòtò irin ìfẹhò, yóò sì gbá èérún jáde láti ẹ̀yìn. Èérún kò ní àyè láti kó jọ, oníṣẹ́ kò sì ní máa fa irin jáde ní gbogbo ìgbà. Dandan ni kí wọ́n sẹ́ òróró náà kí ó tó padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èérún tí ó jáde yóò tún bá a wọlé.

3. Iṣẹ́ Mẹ́ta Tí Ó Wà Lábẹ́ Orúkọ Kan

Láti inú àlàyé òkè yìí, iṣẹ́ mẹ́ta ni ohun tí a ń dà sójú irin ń ṣe:

(i) ó ń mú ooru kúrò;
(ii) ó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin;
(iii) ó ń ṣan èérún dànù.

Omi ìtútù mú ìkíní, ó fi méjì yòókù sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ ilé ọta, méjì tí ó fi sílẹ̀ yìí gan-an ni ó ṣe kókó. Ọ̀rọ̀ náà tún ní àṣìṣe kejì: òróró ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀, kì í ṣe omi.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́ pé omi ìtútù ni yóò fi ọwọ́ kan irin, yóò rí i pé kò gbóná, yóò sì pa omi náà. Ohun tí orúkọ sọ fún un ni ó ṣe. Iṣẹ́ yóò bàjẹ́, wọn yóò sì sọ pé ọmọ náà kò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lò ni kò pé.

4. Ọ̀nà Tí Yorùbá Ń Gbà Sọ Omi Lórúkọ

Èdè Yorùbá ti ní ìlànà tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi omi ṣe ni a fi ń pè é: omi mímu, omi ìwẹ̀, omi ìfọwọ́, omi ìfọṣọ. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí, ohun tí ń ṣan èérún kúrò lára irin lè jẹ́ òróró ìṣanrin, láti ara ṣan àti irin. Omi ìtútù kò ní láti kú. Kí ó dúró fún ibi tí ooru ti jẹ́ olórí ìṣòro, bí irú èyí tí Taylor bá pàdé.

Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún omi àgbẹ̀dẹ. Omi tí alágbẹ̀dẹ ń ti irin pípọ́n bọ̀ lè mú kí irin náà le sí i. Ti ẹ̀rọ léètì kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a yá orúkọ ọ̀kan fún èkejì.

Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

5. Ìlò Rẹ̀ nínú Kíláàsì

Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bí ata bá gbẹ jù lórí ọlọ, a máa ń bu omi sí i. Kí ó béèrè pé: ṣé torí kí ọlọ lè tutù ni, tàbí torí kí ata lè ṣàn? Lẹ́yìn èyí, kí ó ṣe àlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá láìdárúkọ ohun tí à ń dà sí i. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè sọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n tó wá orúkọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé orúkọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ irin, kí wọ́n gbọ́ ohun tí òun náà ń pè é.

Ìgúnlẹ̀

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fà yọ níhìn-ín ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa túmọ̀, iṣẹ́ ni kí a máa sọ lórúkọ. Olùkọ́ tí kò bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò irin kò lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí yóò wúlò fún ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ.

Ìdánrawò

1. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín omi ìtútù, òróró ìṣanrin àti omi àgbẹ̀dẹ.
2. Mú iṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ, ṣe àpèjúwe rẹ̀, kí o sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ 3 fún un láti inú ohun tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.