Àpótí Ìmọ̀: Òǹdè, Ẹrú, Ìwọ̀fà, Ẹlẹ́wọ̀n

Bí ará Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn bá gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnìkan lọ sí Agodi, ó ti mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni. Irin tí wọ́n fi ń de ènìyàn ni ẹ̀wọ̀n kó tó di orúkọ ilé. Ní Ṣáínà àti Japan, àmì ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò fún ẹlẹ́wọ̀n jẹ́ àwòrán ènìyàn tí ògiri yí ká: 囚. Irin làwa wò, ògiri làwọn wò.

Ẹni tí ogun kó ni òǹdè. Ìgbèkùn ló wà. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá tà á, ó di ẹrú. Ogun kó Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn lọ́dún 1821, wọ́n tà á léraléra, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Òun náà ló tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843.

Ẹ má ṣe pe ìwọ̀fà ní ẹrú o! Ọmọ ìlú tí gbèsè dè láyé àtijọ́ ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé, owó tí wọ́n yá kò sì ní dín kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ẹbí bá san án pé ló tó lọ.